Ẹ̀KỌ́ KỌKÀNLÁ: ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ — BÍ A TI Í ṢÍRÒ ÀKÓKÒ TÍ SÁFÀ TÓ DÁKÚ YÓÒ FI JÍ

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tó ṣáájú, a ti sọ̀rọ̀ lórí àròkọ oníròyìn àti àròkọ aṣàpèjúwe. Àròkọ aṣàlàyé ló kàn. Nínú irú àròkọ yìí, olùdánwò kò fẹ́ kí o pa ìtàn fún òun, kò sì fẹ́ kí o yin nǹkan tàbí kí o bú u. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí o fi bí nǹkan ti ń ṣiṣẹ́ han òun, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó lè yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Orí-ọ̀rọ̀ tí mo yàn fún ẹ̀kọ́ yìí lè kọ́kọ́ bà ọ́ lẹ́rù. Má bẹ̀rù. Bí o bá ti jókòó rí ní ilé kọ̀ǹpútà kan ní Lágere tàbí ní Mayfair níbí ní Ilé-Ifẹ̀, tí o fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tí wọ́n sì wí fún ọ pé, “Sáfà ti dákú, ẹ dúró díẹ̀ ná,” o ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn nígbà náà: “Ìgbà wo ni yóò tó padà?”

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí mo ti kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi sí ìdí yàrá kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Yorùbá ni iṣẹ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ tẹ èsì ìdánwò àwọn ọmọ jáde, díìsìkì sáfà wa kún, ẹ̀rọ náà sì dákú. Àwọn òbí ti dé láti Mòdákẹ́kẹ́, láti Ìpetumodù, àti láti oko. Mo jáde sí wọn, mo ní, “Ẹ ní sùúrù, kò ní ju ìṣẹ́jú 30 lọ.” N kò wọn ohunkóhun kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, ni iṣẹ́ tó padà. Ìyá kan tó ti pa ọjà rẹ̀ tì wò mí, ó ní, “Tíṣà, bí ẹ bá ti sọ fún mi pé ó di ọ̀la ni, ǹ bá ti lọ tajà mi.” Títí di òní, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò kúrò létí mi. Ó fara mọ́ ìdákú ẹ̀rọ. Àkókò tí mo dá láìwọn nǹkan kan ni kò lè fara mọ́.

Nítorí náà, fi èyí sọ́kàn bí o ti ń ka ẹ̀kọ́ yìí: ẹni tó bá fẹ́ dá àkókò fún ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn iṣẹ́ rẹ̀.

1. BÍ A TI Í KA ORÍ-Ọ̀RỌ̀

Orí-ọ̀rọ̀ náà nìyí: “Ṣàlàyé bí a ti í ṣírò àkókò tí sáfà tó dákú nítorí pé díìsìkì rẹ̀ kún yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó: ṣàlàyé, ṣírò, àkókò, díìsìkì kún. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò rí “sáfà”, tí wọn yóò sì sáré kọ ojú ewé méjì lórí àǹfààní kọ̀ǹpútà. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti ṣìnà. A kò béèrè àǹfààní, a kò sì béèrè ìtàn bí kọ̀ǹpútà ti dé Nàìjíríà. Ìṣirò àkókò ni a béèrè. Gbogbo ìpín afọ̀ tí o bá kọ gbọ́dọ̀ ran ìṣirò náà lọ́wọ́; èyí tí kò bá ràn án lọ́wọ́, pa á rẹ́.

2. ÌLAPA ÈRÒ

(a) Ìfáárà: àfiwé sáfà pẹ̀lú ìwé òǹtajà.
(b) Ohun tí sáfà jẹ́, àti ìdí tí àkúnya díìsìkì fi ń dá a dúró.
(d) Ọ̀nà méjì tí sáfà lè gbà jí, àti ohun tó ń pinnu àkókò ọ̀kọ̀ọ̀kan.
(e) Ìṣirò gan-an, pẹ̀lú àpẹẹrẹ.
(ẹ) Àwọn ohun tó ń sọ ìṣirò di asán.
(f) Bí a ti í kéde àkókò fún àwọn tó ń dúró.
(g) Àgbálọgbábọ̀.

3. ÀRÒKỌ ÀWÒṢE

Nígbà tí ìyá aláṣọ ní ọjà Odò-Ògbè bá ta ìró kan, kì í ṣí ìwé ńlá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń kọ ọ́ sí: ìró kan, iye báyìí, orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni yóò tó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá, tí yóò sì fa ìlà sí ibi tó kó o dé. Bí òjò bá dé lójijì, tí ọjà sì tú, kò ní tún ìwé ńlá kọ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Ibi tó fàlà sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa bí sáfà ti ń jí.

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá ń forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sáfà ni ó gba orúkọ náà, tí ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú díìsìkì. Sáfà náà ní ìwé ńlá àti ìwé kékeré tirẹ̀. Ohun mẹ́ta ló sì sábà ń kún díìsìkì: dátà fúnra rẹ̀, ìwé kékeré tó ń gùn sí i lójoojúmọ́, àti àwọn ẹ̀dà ìpamọ́ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kó kúrò. Bí díìsìkì bá kún, ìwé kékeré kò ní ojú ewé mọ́. Sáfà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gba ohun tí kò lè kọ sílẹ̀. Yóò kúkú dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí ìdákú náà fi jẹ́ ààbò fún dátà.

Ọ̀nà méjì ni sáfà lè gbà jí. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èyí tí ìwé ńlá kò bàjẹ́. A ó wá àyè sórí díìsìkì, a ó tan ẹ̀rọ, sáfà yóò sì padà síbi ìlà ìkẹyìn, yóò tún gbogbo ohun tó wà nínú ìwé kékeré láti ibẹ̀ ṣe. Àkókò tí èyí yóò gbà kò tẹ̀lé bí ìwé ńlá ti tóbi tó. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìwé kékeré ni a ó wò, àti bí ẹ̀rọ náà ti yára tó. Ọ̀nà kejì ni èyí tí ìwé ńlá ti bàjẹ́. Nígbà náà, ẹ̀dà ìpamọ́ ni a ó dà padà, gbogbo rẹ̀ pátá ni a ó sì kó. Bí ẹ̀dà náà bá jẹ́ gígábáìtì 500, tí ẹ̀rọ sì ń kó mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú-àáyá 5,000 ni yóò gbà, èyí tó jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 23. Lẹ́yìn náà ni a ó tó máa ka ìwé kékeré sí i. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníṣirò gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé: ọ̀nà wo ni a wà?

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan tó gba ọ̀nà kìn-ín-ní. Sáfà kan dákú ní aago 9 òwúrọ̀. Ó gba ìṣẹ́jú 15 kí a tó mọ̀ pé díìsìkì ló kún, ó sì gba ìṣẹ́jú 20 kí a tó kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ lọ síbòmíràn. Ní aago 9:35, a tan ẹ̀rọ. Gígábáìtì 24 ni ohun tó wà nínú ìwé kékeré. A kò sọ̀rọ̀ ná. A wo aago. Ní aago 9:45, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, gígábáìtì 3 ti kọjá. Ó ku 21. Bí 3 bá gba ìṣẹ́jú 10, 21 yóò gba ìṣẹ́jú 70. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í fi ìgbà gbogbo lọ déédé, nítorí náà a ó fi ìdajì lé e: ìṣẹ́jú 105. Lẹ́yìn èyí, a gbọ́dọ̀ yẹ dátà wò kí a tó ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn: ìṣẹ́jú 20 bí ó bá yá, ìṣẹ́jú 40 bí ó bá pẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 90 sí ìṣẹ́jú 145. Bí a bá kà á láti aago 9:45, iṣẹ́ yóò padà láàárín aago 11:15 àti aago 12:10.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n lè sọ ìṣirò yìí di asán. Èkíní ni iná mànàmáná. Bí iná bá lọ nígbà tí sáfà ń ka ìwé kékeré lọ́wọ́, àwọn sáfà kan wà tí wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìlà ìkẹyìn. Ọlọ́gbọ́n a máa wo bátìrì àti epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ. Èkejì ni fáìlì tí a pa rẹ́ tí àyè kò sì ṣí, nítorí pé ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ ṣì di fáìlì náà mú. Àfi bí a bá dá ètò náà dúró kí àyè tó padà. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ìkánjú. Ẹni tí ojú ń kán lè rí i pé ìwé kékeré ló gba àyè jù, kí ó sì pa á rẹ́. Ọjà tí a tà tí a kò tíì kó sínú ìwé ńlá ló sọ nù yẹn, ìwé ńlá fúnra rẹ̀ sì lè dàrú. Bí ẹni náà ti ń rò pé òun ń gé àkókò kúrú, ọ̀nà kejì ló ti bọ́ sí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Irú nǹkan yìí kì í ṣe fún aláìní nìkan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Toyota ní orílẹ̀-èdè Japan ń tọ́jú sáfà tí wọ́n fi ń pàṣẹ ohun èlò ọkọ̀. Wọ́n ń pa dátà tó ti pọ̀ jọ rẹ́, wọ́n sì ń tò ó, ni àyè orí díìsìkì kò bá tó mọ́, tí ètò náà sì dúró. Wọ́n ní sáfà arọ́pò, ṣùgbọ́n orí ètò kan náà ni òun pẹ̀lú wà, ohun kan náà ló sì ṣe é. Ní ọjọ́ 29, gbogbo ilé iṣẹ́ ìtòkọ̀ Toyota 14 tó wà ní Japan dáwọ́ dúró. Ìgbà tí wọ́n kó dátà lọ sórí sáfà tí àyè rẹ̀ pọ̀ jù ti ìṣáájú lọ ni ara ẹ̀rọ tó yá. Ní ọjọ́ 30 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣirò ni pé kò gbọdọ̀ ka arọ́pò mọ́ ohun tí yóò gbà á, àyàfi bí ó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò pé àìsàn kan náà kò lè pa àwọn méjèèjì.

Ìṣirò tó wà lọ́kàn ẹnì kan ṣoṣo kò wúlò fún ẹni tó ń dúró. Nígbà tí a kò bá tíì wọn nǹkan, ohun tó tọ́ láti sọ ni pé, “A kò tíì mọ̀, ní aago 9:45 a ó tún bá yín sọ̀rọ̀.” Nígbà tí a bá ti wọ̀n ọ́n tán, kí a dárúkọ àkókò tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù, kí a sì sọ ohun tó lè yí i padà. Nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ òkun já ní ìhà Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilé iṣẹ́ MainOne pín àkókò tirẹ̀ sí ọ̀nà méjì: ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 fún àtúnṣe, àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí ọkọ̀ ojú omi tó kó ohun èlò wá láti Yúróòpù. Ẹni tó gbọ́ èyí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 3 sí 5 ni òun yóò fi múra, ó sì mọ ìdí rẹ̀.

Ní àkótán, ẹni tó fẹ́ ṣírò àkókò tí sáfà yóò fi jí gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó wà, kí ó pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, kí ó wọn díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ìdíwọ́, kí ó sì sọ òótọ́ fún àwọn tó ń dúró. Èyí tó sì dára ju ìṣirò lọ ni kí díìsìkì má kún rárá. Kí a fi agogo ìkìlọ̀ sí i tí yóò dún nígbà tó bá kún dé ìdá 80 nínú 100, kí a sì dá ẹ̀dà ìpamọ́ padà fún ìdánrawò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ iye wákàtí tó ń gbà kí ọjọ́ ìṣòro tó dé.

4. ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

Wo ìfáárà. Láti ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó dé ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. A kò sọ pé “ayé ti di ayé ọ̀làjú”, gbólóhùn tí olùdánwò ti rí nínú ìwé ọgọ́rùn-ún ọmọ kí ó tó kan tìrẹ. Ìwé kékeré àti ìwé ńlá inú ìfáárà kò sì sọ nù lọ́nà. Wọ́n bá àròkọ náà rìn.

Wo ìṣirò. Gbogbo ìgbésẹ̀ ni a kọ sílẹ̀, kí olùdánwò lè fi bírò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Má ṣe kọ ìdáhùn nìkan. Bí o bá ṣi ẹyọ nọ́ńbà kan kọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà rẹ tọ́, olùdánwò yóò ṣì rí i pé ó yé ọ.

Wo àwọn ọjọ́ àti orúkọ. Bí o kò bá dá ọjọ́ kan lójú, má kọ ọ́. Ẹ̀rí kan tó dúró ṣinṣin sàn ju mẹ́wàá tí o rò lórí lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kíyèsí àwọn ọ̀rọ̀ asopọ̀ pẹ̀lú: nítorí náà, nígbà náà, lẹ́yìn èyí, ní àkótán. Àwọn ni okùn tó so ìpín afọ̀ kan mọ́ èkejì. Má ṣe parí àròkọ rẹ pẹ̀lú “olùdánwò mi ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣàánú mi”. Iṣẹ́ rẹ ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún ọ.

Ohun kan kù. Ọ̀nà ìṣirò yìí yóò gbà ọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Lọ́sẹ̀ yìí, gbé aago kalẹ̀, kọ àròkọ fún ìṣẹ́jú 10, kí o sì ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 90, àròkọ tó ní ọ̀rọ̀ 360 yóò gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú 40. Fi ìṣẹ́jú 10 kún un fún ìlapa èrò, àti ìṣẹ́jú 5 fún àtúnkà: ó di ìṣẹ́jú 55. Bí àkókò tí wọ́n fún ọ kò bá tó bẹ́ẹ̀, ilé ni ó yẹ kí o ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ.

5. IṢẸ́ ṢÍṢE

(i) Ẹ̀dà ìpamọ́ kan jẹ́ gígábáìtì 300. Ẹ̀rọ ń kó mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò gbà? Fi ìdajì lé e fún ìdíwọ́, kí o sì kọ ìkéde kúkúrú tí o lè lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

(ii) Sáfà ilé ẹ̀kọ́ rẹ dákú ní ọjọ́ tí ó yẹ kí èsì jáde. Kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, kí o sọ àkókò tó yá jù, èyí tó pẹ́ jù, àti ìdí rẹ̀.

(iii) Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí: bí bírìkìlà ti í ṣírò ọjọ́ tí ilé yóò parí, bí aṣọ́ṣọ́ọ̀ṣì tàbí aṣọ́-mọ́ṣáláṣí ti í ṣírò àkókò tí tánkì omi yóò fi kún, bí aránṣọ ti í ṣírò ọjọ́ tí aṣọ ọdún yóò yá. Bá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ kí o tó mú bírò.